Tùwó Abẹ́ Ìbòrí

Àtìní, 12 Jánúárì
Wọ́n tún so Àáfáà, ọkọ mi, mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá kíndìnrín rẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo bá gbé tùwó àti gbẹ̀gìrì jáde, mo ń bọ́ ọ lábẹ́ ìbòrí mi — kí àwọn aláìsàn tí kò sẹ́ni tó gbóúnjẹ wá fún má baà rí i. Kò pẹ́, òógùn bò ó, òòyì kọ́ ọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì Nàfísàt sáré gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Subhanallah!

Àlàrùba, 14
Ilé. Àáfáà ní bí mo bá máa sunkún, kí n má sun ún sínú gbẹ̀gìrì, dókítà ti ní kí òun dín iyọ̀ kù. Ọkùnrin yìí!

Àlàmísì, 15
Ìfúnpá rẹ̀ tún já. Wọ́n tú u sílẹ̀ láìfọ̀ ọ́ tán. Dókítà ní omi tí ẹ̀rọ ò bá fà kúrò lára rẹ̀ lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Èmi mọ̀ pé ebi ni. Ara tí kò jẹun kánú, ṣé ó lè gba ẹ̀rọ?

Àláàdì, 18
Ọjà Ìpàta. Mo ra ọkà bàbà tuntun. Á yó lọ́la, in shā Allāh.

Àtìní, 19
Ó dákú. Mo pariwo "Tìjání!" — orúkọ tí n kì í pè láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, Nàfísàt wo tùwó nílẹ̀, ó wò mí. Ó ní téèyàn bá ń jẹun, ẹ̀jẹ̀ á wọ́ lọ sínú ikùn. Ẹ̀rọ náà sì ń fa omi kúrò lára lọ́wọ́ kan náà. Ìfúnpá ò ní ṣàì já. Ó ní òun ti sọ ọ́ fún Àáfáà láti oṣù tó kọjá.

Láti oṣù tó kọjá!

Nínú kẹ̀kẹ́, mo bi Àáfáà pé kí ló dé tó ń jẹ ẹ́. Ó ní ìgbà tí mo bá ń bọ́ òun nìkan ni ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Alágídí! Mo fẹ́ gbá a létí, mo fẹ́ gbá a mọ́ra.

Àlàmísì, 22
Ó ti jẹun nílé tipẹ́ kí a tó jáde. N kò gbé abọ́ kankan dání. Abẹ́rẹ́ wọlé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó na ọwọ́ kejì, ó di tèmi mú. Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, ìfúnpá rẹ̀ ò já. Alhamdulillah. Mo ní ọwọ́ mi ò tíì yéé gbọ̀n. Ó ní kí n jẹ́ kó máa gbọ̀n, òun ti dì í mú.