Àmì Lórí, Àmì Nísàlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Ìwé tuntun ni ọ́, o ò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Fara balẹ̀.

Wọ́n ti kó àga wa lọ. Mo wọ yàrá olùkọ́ láàárọ̀ yìí, kò sí àga, kò sí tábìlì. Àpò ràbàtà-ràbàtà aláwọ̀ ewé ló wà nílẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ la ó máa jókòó. Orúkọ yàrá náà ti yí padà pẹ̀lú: Ínófésọ̀n Họ́ọ̀bù. Mo jókòó. N ò lè dìde mọ́. Kọ̀yà, tó ń kọ́ wọn ní Jọ́gíráfì, ló fi ọwọ́ méjèèjì fà mí sókè, ìró mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ó ní, "Màmi, ẹ rọra o, àbí ẹ̀ ń rọbí ni?"

Ìyípadà ló dé yẹn. Ọmọ Màmá ló gbé e wá — Morádéún ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ kí àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ àti Marine Beach má baà máa sọdá afárá lọ kàwé. Màmá kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ti London dé. Láti ìgbà tó ti dé, kò sí ohun tó wà nípò rẹ̀ àfi òkúta orí sàréè Màmá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Amòye ìyípadà ti dé. Ọ̀gbẹ́ni Ephraim Dickson. Kóòtù nínú ooru. Ó ní kí gbogbo wa dìde, ká yípo lẹ́ẹ̀mẹta, kí kálukú yọ nǹkan kan kúrò lára, ká lè mọ bí ìyípadà ṣe ń rí. Mo yọ awò ojú mi. N ò wá rí nǹkan kan nínú gbogbo ohun tó fi hàn lára ògiri fún wákàtí méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti sọ ọkùnrin náà ní Yípoyípo.

A kì í ṣe olùkọ́ mọ́. Fasilitétọ̀ ni wá. Àwọn ọmọ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, oníbàárà ni wọ́n. Mo ní kí oníbàárà kan pa pátákó rẹ́, ó ń wò mí.

Kọ̀yà na ọwọ́ sókè: "Sà, àwọn àga wa ńkọ́?" Yípoyípo ní ẹni tó bá di àná mú kò lè gba ọ̀la. Kọ̀yà ní òun ò di àná mú, ìdí òun lòun fẹ́ fi lé nǹkan. A rẹ́rìn-ín. Morádéún kọ nǹkan sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Wọ́n lẹ àtẹ àkókò tuntun. Píríọ́ọ̀dù mẹ́rin ni èdè Yorùbá ní lọ́sẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà níbí. Ó ti di ẹyọ kan. Kò tún jẹ́ Yorùbá mọ́: Ẹgbẹ́ Àṣà, ọjọ́ Ẹtì, ogójì ìṣẹ́jú, "pẹ̀lú ijó." Róbọ́ọ̀tì ló gba mẹ́ta yòókù. Róbọ́ọ̀tì ọ̀hún jẹ́ ẹyọ kan, ó wà nínú páálí, bátìrì rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ó dùn mí. N ò ní purọ́ fún ọ.

Yípoyípo tún gbé àpótí èrò kalẹ̀. Ká kọ ohun tó wà lọ́kàn wa, ní èdè tó bá wù wá, ká má kọ orúkọ. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ ọ́. Ọwọ́ òsì. Lẹ́tà ńlá gbogbo rẹ̀:

Ọ̀LẸ NI ẸNI TÓ Ń KÓ OHUN TÓ DÁRA DÀNÙ NÍTORÍ PÉ KÒ LÈ TÚN UN ṢE.

Mo fi àmì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbìyànjú láti má fi sí i, ọwọ́ ò gbà. Ó dà bí kí n jáde nílé láìwọ bàtà.

Ọjọ́ Ajé, 20

Mo ti jù ú sínú àpótí. Mo sì jẹ ìrẹsì yó.

Ọjọ́rú, 22

Yéè.

Ìpàdé gbogboogbò. Morádéún ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo ohun tó wà nínú àpótí sórí kọ̀ǹpútà, ó ń fi hàn lára ògiri. Àwọn kan kọ Yorùbá, àwọn kan kọ Píjìn. Ó kan tèmi. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ mọ́: OLE NI ENI TO N KO OHUN TO DARA DANU. Ó kà á sókè ketekete: "Olè ni ẹni tó ń kó ohun tó dára —"

Yípoyípo kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé Èkó tí kò mọ olè? Ó fò dìde. Gẹ̀ẹ́sì fò lọ lẹ́nu rẹ̀. "Na me dem dey call ole? Me? Because of chair?"

Gbogbo ojú yí sí Kọ̀yà. Òun kúkú ló béèrè àga. Morádéún ní kó kọ ìwé àforíjì kó tó di ọjọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó gbé ẹrù rẹ̀. Kọ̀yà ní òun kọ́. Ta ló gbà á gbọ́? Èmi rì sínú àpò mi.

Nígbà tí a parí, Morádéún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Mà, mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Ẹ̀yin jẹ́ẹ́jẹ́." Ó ní kí n wo ìwé náà fúnra mi, kí n wo bí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ṣe ń gbọ̀n, tí yíǹkì ta sórí gbogbo lẹ́tà.

Yíǹkì! Ọmọ yìí gba mẹ́rin nínú ogún nínú ìdánwò àmì ohùn ní JSS 2. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ta ni kí n wá bínú sí?

Bí a bá sọ òkò sáàárín ọjà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ọjọ́bọ̀, 23

Ṣayọ̀, ọmọ Kọ̀yà, wà ní SS 3. Ọmọ olùkọ́ kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́ níbí, ó sì máa jókòó fún ìdánwò Wáẹ̀kì ní oṣù Karùn-ún. Bí bàbá rẹ̀ bá lọ, òun náà lọ nìyẹn. Kọ̀yà ní òun ò ní tọrọ àforíjì, torí ẹni tó bá tọrọ àforíjì ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ó bó ẹ̀pà lé mi lọ́wọ́. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn wo ojú mi, ó ń jẹ ẹ̀pà tirẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí. Mo ka ilé-ẹ̀kọ́ tó lè gba olùkọ́ Yorùbá tó jẹ́ irú mi, láti Àpápá dé Ọ̀jọ́. Mi ò rí ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Ẹgbẹ́ Àṣà. A jó. N ò sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Pásítọ̀ wàásù lórí Pétérù àti àkùkọ. Ta ló lọ sọ fún un?

Ọjọ́ Ajé, 27

Mo ń sáré kọ èyí. Ní báyìí gan-an ni yíǹkì ń ta.

Wọ́n tún kó wa jọ. Ìwé ìdádúró Kọ̀yà wà níwájú Morádéún. Ó ní kí gbogbo ayé lè jẹ́rìí, òun máa ka ẹ̀sùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tan án sára ògiri. "Olè ni ẹni —"

Ìwé, mo búra fún ọ, n ò pète rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ dáadáa tí mo ti tò jọ láti òru ni n ò rántí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ohun tó ti ń jáde lẹ́nu mi láti ọdún mọ́kàndínlógún: "Morádéún! Tún un kà. Wo abẹ́ O, wo abẹ́ E. Àmì wà lórí, àmì wà nísàlẹ̀. Ọ̀lẹ ni. Olè kọ́!"

Mo pe ọ̀gá mi ní "ìwọ" lójú gbogbo ènìyàn. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ JSS 2, ó ní, "Yes, mà." Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá rántí ara rẹ̀. Ó bi mí pẹ̀lẹ́ pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé àmì wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kò sí lára ògiri.

Mo ní èmi ni mo fi í síbẹ̀.

Yípoyípo ní kí wọ́n túmọ̀ ọ̀lẹ fún òun. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀. "Ah. Lazy. No wahala," ó mí kanlẹ̀, ó jókòó. Ẹ wá wo ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn pé ọ̀lẹ ni òun!

Morádéún fa ìwé Kọ̀yà ya. Kọ̀yà ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé èmi ni: ta ló tún lè bú ènìyàn láìṣi gírámà? Ó mọ̀, kò sì sọ. Mo sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30

Mo gba Liverpool Road lọ sílé. Ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn awakọ̀ tírélà. Mo rí àga. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀: ÀGA OLÙKỌ́. Ọ̀dà tí èmi fúnra mi fi kọ ọ́. Àmì mi, lórí àti nísàlẹ̀. Mo bi ìyá náà pé ibo ló ti rà á. "One oga wey dey wear coat," ló wí.

A jẹ́ pé Morádéún ṣi ìwé mi kà, ó sì ka òótọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 31

Mo lọ sọ fún un. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Dickson ti parí iṣẹ́ rẹ̀ lánàá, ó ti kọjá sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Sùúrùlérè. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Kọ̀yà dúró. Ṣayọ̀ dúró. Èmi gba ìwé.

Ó kọ ọ́ ní èdè Yorùbá. Ó ní láti fi bu ọlá fún mi ni. Ìwà mi kò bá ìyípadà mu, kí n máa lọ ní àlàáfíà. Ó gbìyànjú, n ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó wọ́n àmì sí gbogbo rẹ̀ bí iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo mú báírò pupa. Àṣìṣe mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ máàkì rẹ̀ sókè: mẹ́rin nínú ogún. Lọ́la, mo máa dá a padà fún un.

Ó ku ìlà ìkẹyìn. Ó fẹ́ dúpẹ́ fún iṣẹ́ mi. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ló fi sórí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀: "A dúpẹ́ fún ìṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún."

Mo gbé báírò sókè. Mo wo yàrá mi yí ká.

Mo tíìkì rẹ̀. Ó gba ìyẹn.