Orúkọ Ẹja Lára Àpótí Gíláàsì Kẹrin

Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìtànná-Ọ̀la,
Ìbà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
17 Oṣù Kẹta, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọgbà Ẹranko àti Ẹja Ayọ̀-Màjèsí,
Òkókómáíkò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀTÚNṢE ORÚKỌ ẸJA, ÀTI FÚN ỌMỌ TÍ WỌ́N LÉ JÁDE LÓRÍ RẸ̀

Èmi ni olùkọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ òkè yìí. Ní Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù yìí, mo kó ọmọ mọ́kànlélógún wá sí ọgbà yín. Inú wa dùn débi pé nígbà tí kìnnìún yán, gbogbo ọmọ bá a yán.

Ilé ẹja ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ “Epìyà” sára àpótí gíláàsì kẹrin. Ẹ̀hìndé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sọ fún amọ̀nà yín pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀bọ̀kún nìyí. Epìyà kì í ní irùngbọ̀n.” Ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Àríkẹ́, ń yan ẹja tà létí omi Ọ̀jọ́, ọmọ náà sì ti ń bá a ṣa ẹja láti kékeré.

Amọ̀nà yín dáhùn pé, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ àwọn tó kàwé nípa ẹja?” Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà tún un sọ jẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà ní ó ń dí òun lọ́wọ́, kó bọ́ síta. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo jẹ́wọ́ pé èmi gan-an kì í dá ọ̀bọ̀kún mọ̀ àfi tó bá ti wà nínú ọbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbèjà ọmọ náà bó ti yẹ. Èmi àti òun jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sì kó àwọn yòókù lọ wo ọ̀nì.

Ibẹ̀ ni Bàbá Bùràímọ̀, tó ń fún ẹja yín lóúnjẹ, ti bá a níbi tó ti ń sunkún. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n wọlé lọ wò ó, wọ́n padà wá, wọ́n ní, “Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Ọjọ́ tí a fọ àpótí ni a ti ṣi orúkọ àwọn ẹja wọ̀nyí lẹ̀.” Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, òbí kan bá “Epìyà” níbẹ̀ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a ti ọgbà yín dé, Ẹ̀hìndé kò dáhùn ìbéèrè mọ́ ní kíláàsì. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ṣé ohun tí mo fi kọ́ ọmọ mi kì í ṣe ìmọ̀ ni?” Lẹ́tà yìí ni èsì mi.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ tún orúkọ náà kọ, kí ẹ sì gbà wá láàyè láti padà wá, kí amọ̀nà yín lè sọ fún ọmọ náà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ẹ má lé ọkùnrin náà níṣẹ́. Ọ̀dọ́ ni, yóò kọ́gbọ́n.

Mo so ìwé kan mọ́ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ béèrè orúkọ ẹja nílé. Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n mú wá, ní èdè Yorùbá, Ẹ̀gùn àti Íbò. Nígbà tí a ń tò wọ́n, iyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí àwọn orúkọ tó jẹ́ ti ẹja kan náà. Wọn kò bi èmi olùkọ́; Ẹ̀hìndé ni gbogbo wọn yíjú sí. Ó dìde, ó sì là á yé wa títí agogo fi lù. Bí àyè bá wà lára ògiri yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ìwé náà kọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi tí mo ń retí èsì yín,
Mùsítúrà Ṣọlápé (Ìyáàfin),
Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin.