Fóònù Tó O Fi Ránṣẹ́ àti Ẹsẹ̀ Bàbá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ọ kú àtẹ̀gùn, torí o ní ilé alájà mẹ́fà làwọn aláìsàn rẹ kan ń gbé tí wọ́n ń retí rẹ lókè téńté. Olúwa tó ń ṣọ́ ọ gòkè á máa ṣọ́ ọ sọ̀kalẹ̀. A ò ní í gbọ́ ohun tí kò yẹ nípa rẹ. Àwa náà wà láàyè, ara le, àfi ti ẹsẹ̀ bàbá rẹ. Màá débẹ̀, ní sùúrù.

Ilé iṣẹ́ rẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, wọ́n ní kí n ṣe onídùúró fún ọ, mo sì fara balẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n béèrè pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀ ọ́, mo kọ ọ́ pé láti inú oyún ni, àti pé o pẹ́ kó o tó wá. Wọ́n béèrè bóyá ìwà kan wà lọ́wọ́ rẹ tó yẹ káwọn mọ̀. Ọmọ mi, èmi ò lè parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ pé o máa ń hanrun, o sì máa ń pẹ́ kó o tó fọ ìkòkò, àmọ́ ọwọ́ rẹ mọ́. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kéré, mo bá kọ ìyókù sẹ́yìn ìwé. Bí ọ̀gá rẹ bá rí ọ tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, a jẹ́ pé wọ́n ti rí fọ́ọ̀mù náà gbà nìyẹn.

Èyí tó o sọ pé o máa ń tẹ fóònù tó o bá dé ẹnu ọ̀nà aláìsàn, o tún ń tẹ̀ ẹ́ tó o bá ń jáde, kó lè lọ sọ fún ọ̀gá, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Aṣòfófó ni fóònù yẹn. Má sọ̀rọ̀ ọ̀gá níbi tó bá wà.

Ó yá, ẹsẹ̀ bàbá rẹ. Látìgbà tí wọ́n ti já bọ́ lórí àkàbà, tí dókítà to eegun orúnkún wọn, ìwọ náà mọ̀ pé orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń gbé. Nígbà tó o wá kó lọ sí ìlú ńlá, láti máa ti ilé dé ilé kọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kọṣẹ́ bí wọ́n á ṣe rìn, ọ̀rọ̀ bá tún burú sí i. Wọ́n ní ọmọ àwọn lọ ń gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀, ó fi tàwọn sílẹ̀, pé àwọn ò dìde mọ́. Dókítà ní bí oṣù yìí bá parí tí wọn ò lo ẹsẹ̀ náà, orúnkún á gan pa, kò ní í ká mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí, ṣe ni wọ́n kọjú sí ògiri. Mi ò kọ ọ́ sí ọ torí mo mọ̀ pé wàá pa iṣẹ́ tì, wàá sáré bọ̀ wálé, lẹ́yìn gbogbo ìwé tó o kà.

Àfi lọ́jọ́ tí fóònù tó o fi ránṣẹ́ dé. Aránṣọ iwájú ilé wa ló bá wa tẹ̀ ẹ́, lo bá yọ, tìwọ ti aṣọ iṣẹ́, o kí wa, a dáhùn. Aránṣọ ní fídíò ni wọ́n ń pè é, mi ò bá a jiyàn. Mo béèrè bóyá o ti jẹun, o ò dá mi lóhùn, mo ní ọ̀gá ti wà nítòsí nìyẹn. O ní kí bàbá rẹ na ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e sókè, o wá ń kà á láti orí ení dé ẹ̀wá. Wọn ò mira. Bó o ṣe kà á tán lo pàtẹ́wọ́, o ní wọ́n kú iṣẹ́, pé wọ́n ti gbé e, pé ó dáa gan-an.

Yéè! Bàbá rẹ wò mí, mo wò wọ́n. Wọ́n ní irú kí lèyí, ṣé irọ́ lọmọ yìí lọ kọ́ nílùú ńlá ni? Wọ́n ní kí aránṣọ tún un tẹ̀. O tún kà á, o tún yìn wọ́n. Inú wá bí wọn wàyí, wọ́n ní àwọn ò bí òpùrọ́, àwọn ò sì ní í jókòó tẹtẹrẹ kí ọmọ àwọn máa sọ ara rẹ̀ di òpùrọ́ nítorí àwọn. Nígbà kẹta, bó o ṣe ní ení báyìí, wọ́n dijú, wọ́n rọ́jú, wọ́n gbẹ́sẹ̀! Kò ga púpọ̀ o, àmọ́ ó kúrò nílẹ̀. Bó o ṣe pàtẹ́wọ́, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n, ó ti di òótọ́ báyìí. Èmi náà sunkún, mi ò fi bò.

Látọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń pè ọ́ jáde, nígbà mẹ́rin. Èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kó o sinmi. Mo sì ti rí i pé aṣọ kan náà lo ń wọ̀ látọjọ́ yìí, o ò ráyè pààrọ̀ rẹ̀, ó dùn mí. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí aránṣọ lè bá ọ rán òmíràn. Má ṣe jẹ́ kójú tì ọ́, òbí rẹ ni wá.

Gbogbo ẹsẹ̀ tó o bá gbé, ire ni yóò máa bá ọ pàdé. Ọwọ́ rẹ kò ní í kọṣẹ́, o ò ní í rìn ní bèbè àṣìṣe. Mi ò ní í kọ jù báyìí lọ, torí bàbá rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n ń kanra mọ́ mi pé kí n parí ìwé, pé àwọn fúnra àwọn làwọn máa fẹsẹ̀ gbé e dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Jẹ́ kí n tètè lẹ̀ ẹ́ pa, kí wọ́n má lọ rántí àga.

Èmi ni ìyá rẹ.