Wọ́n Wá Gba Bàtà Ọba

Òpópónà Clarence,
Morecambe.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, 1974.

Lorna, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Mo nírètí pé ikọ́ Philip kékeré ti fi í sílẹ̀. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló mú mi kọ̀wé.

Desmond wà níbí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí gbogbo London ń pàtẹ́wọ́ fún, tí à ń wò nínú sinimá, yàrá kékeré òkè ló sá sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ jáde lórí bẹ́ẹ̀dì tó fi ṣe ọmọdé. Ó ní òun dúró lórí ìtàgé bí ọba, òun la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Kò gbàgbé o. Ẹ̀rù ló bà á. Bí wọ́n ṣe fa aṣọ ìtàgé dé báyìí, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó wọ ọkọ̀ ojú irin.

Èmi náà ti di ẹlẹ́wọ̀n. N kì í ṣí kọ́tìnnì mọ́. Ìyáàfin Pickup tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa gbé páì ẹran wá, ó ní òun rí ọkùnrin lójú fèrèsé, àbí mo ti ní ọ̀rẹ́kùnrin ni? Mo ní ẹni tó ń tún páìpù ṣe ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Enid, páìpù yín mà gùn o."

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Ọ̀gbẹ́ni Lomax, alábòójútó ẹ̀yìn ìtàgé wọn, kan ilẹ̀kùn. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mò ń gbàdúrà pé kó fi agbára mú Desmond lọ. Ó ní Colin, ọmọkùnrin tó ń kọ́ ipa Desmond sílẹ̀ de ọjọ́ àìsàn, ti bọ́ sípò rẹ̀, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà, a ò bá tirẹ̀ wá. Bàtà ọba ló wọ̀ lọ. Bàtà òjò ni Colin fi ń jọba."

Desmond gbọ́ látorí àtẹ̀gùn. Mo ní ìtìjú á gbé e dìde wàyí. Ó gbé bàtà náà sọ̀ kalẹ̀, ó ti kùn ún títí tó ń dán.

"Ẹ sọ fún un pé tòsì máa ń há. Kó fi ọṣẹ pa ìbọ̀sẹ̀."

Ó bọ Ọ̀gbẹ́ni Lomax lọ́wọ́, ó sì padà sókè. Mo bi í bóyá ibi tó máa parí sí nìyí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn. Ó sì sùn, bí ọmọ tuntun.

Lorna, n kò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Bí mo bá ní kó lọ, ẹ̀rù yẹn lè pa á. Bí mo bá dákẹ́, yóò darúgbó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, má sọ pé èmi ni mo pè ọ́. Kó àwọn ọmọ wá, wọ́n máa ń pa á lẹ́rìn-ín.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àtijáde àtiwọlé yín, kí ó má jẹ́ kí àyà tiyín já níwájú iṣẹ́ yín.

Èmi ni ìyá rẹ tí oorun ń yẹra fún,
Enid Thwaite.

Àfikún: N kò tíì lẹ àpò ìwé yìí nígbà tí Desmond jáde lọ sétí òkun láìdé fìlà, láìfi ojú pamọ́. Inú mi dùn! Nígbà tó padà dé, ó ní obìnrin kan dá òun dúró, ó bi òun bóyá òun ni òṣèré yẹn. Desmond ní òun kọ́. Obìnrin náà tọrọ àforíjì, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ó gbà mí gbọ́, Mọ́mì," ló wí fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín.