Ilé Ìwé Tí Ìyá Kékeré Yàn

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹjọ

A ti Ìlọrin dé. Ẹsẹ̀ mi wú. Ìyá Kékeré kò sinmi ẹnu láti ibẹ̀ títí a fi dé Kétu — Tiwalọlá ọmọ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń pàṣẹ fún mi bí ẹni pé òun ló bí mi. Ṣé mo rí láíbìrì yẹn? Ṣé mo rí ibi tí àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn ẹran ti ń ṣiṣẹ́? Mo rí i. Mo rí bí ilẹ̀ wọn ṣe gbẹ pẹ̀lú, èmi ará Ajégúnlẹ̀ ẹ̀bá Kétu tí omi ń lé kiri nínú ilé ara mi.

Ní ọgbà màlúù, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ àárín ẹran lọ. Ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn ní kó gbé ọwọ́ lé ikùn abo kan tó lóyún. Ó gbé e lé e, ó dákẹ́. Ọmọ tí kì í dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló pè mí pé kí n wá fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Ọmọ inú rẹ̀ sún. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, mi ò tíì rẹ́rìn-ín báyẹn.

Ìlọrin ló kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Ó ní òun ò fẹ́ wo ibòmíràn mọ́. Mo ní a máa wo yunifásítì Àkókà pẹ̀lú, ó kéré tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Òjò. Omi wọ pálọ̀. Kí n tó jí dáadáa, Ìyá Kékeré ti kó gbogbo ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́bọ̀, 7

Démiládé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pè láti Jámánì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ilé ìwé ni mo fẹsẹ̀ ara mi sin òun náà lọ, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tí mò ń yọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti kọjá sí òkè òkun. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Bí èyí náà bá lọ, ta ló kù nínú ilé yìí? Èmi àti omi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Àkókà. Kò jìnnà, a ti padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Mo fi ọ̀sà hàn án, mo fi igi hàn án, mò ń polówó ibẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo ni ín. Ó ní, "Ó dáa, Mummy," pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń gba aṣọ tí kò wù ú. Wọn kì í kọ́ ìṣègùn ẹran níbẹ̀. Mo ní súọ́lọ́jì wà, ṣé ẹran kọ́ nìyẹn ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó di apá mi mú. Ó dùn mí pé kò bá mi jà.

Ọjọ́rú, 13

Mo ti ṣe é.

Níyì oníkọ̀ǹpútà, ní Kétu — Ọ̀gá Pásíwọ́ọ̀dù ni mo ń pè é. Òun ló ṣí ímeèlì fún gbogbo ọmọ tó kọ JAMB lápá ibí, inú ìwé ńlá rẹ̀ ló kọ pásíwọ́ọ̀dù wọn sí, kò sì sí òbí tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tèmi la fi forúkọ Tíwa sílẹ̀. Mo ní kó bá mi yí Ìlọrin padà sí Àkókà, kó fi súọ́lọ́jì síbẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Aunty Tíṣà, ṣé Tíwa mọ̀ sí i?"

"Òun ló rán mi."

Kóòdù JAMB wọlé sórí fóònù mi. Mo kà á fún un. Ó parí. Dídín àkàrà pẹ́ jù ú lọ. Mo pa mẹ́séèjì náà rẹ́.

Mo ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja bọ̀ fún Tíwa. Ó ní, "Mummy, kí lẹ ṣẹ̀ mí?" Àwàdà ló ń ṣe. Mi ò lè gbójú sókè wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Ó ra bàtà òjò, aláwọ̀ ewé. Ó ní ti màlúù Ìlọrin ni.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ àdúrà rẹ̀. Ìlọrin ló ń tọrọ. Èmi sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń ṣe àmín. Ojú tì mí. Lọ́la ni mo máa lọ dá a padà.

Ọjọ́ Ajé, 25

Níyì ní àyè àtiyí ilé ìwé padà ti tì láti ọjọ́ Ẹtì. Mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé òun ló ni JAMB. Ó ní mo ṣáà sọ pé Tíwa ló rán mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kẹsàn-án

Hàlímátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí Ìlọrin gbà. Máàkì rẹ̀ kò tó ti Tíwa. Tíwa wá orúkọ ara rẹ̀ títí, kò rí i. Mo yọ́ wo ti Àkókà lórí fóònù mi: wọn kò mú un, máàkì tí wọ́n fẹ́ ju tirẹ̀ lọ. Kò sí Ìlọrin, kò sí Àkókà. Ọwọ́ mi ni mo fi bà á jẹ́.

Èmi ni mò ń sunkún, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. "Mummy, ẹ má bínú. Ẹ bá mi rìn jìnnà, èmi ni mi ò kàwé tó." Mo ní kó lọ jẹun.

Ó ní lọ́la òun máa lọ bá Níyì, kó bá òun wo ibi tí òun ti ṣàṣìṣe.

Ọjọ́rú, 17

Omi kún àdúgbò. Ó wọ bàtà òjò rẹ̀, ó forí lé Kétu. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, Tíwa, padà wá jókòó. Ohun tí mo sọ ni pé kó ṣọ́ra fún gọ́tà.

Ó ti tó wákàtí mẹ́ta. Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè, ó ti pa fóònù.

Bí mo bá kọ èyí tán, màá ṣí ìwé yìí sí ojú ewé ọjọ́ kẹtàlá, màá gbé e sórí tábìlì fún un, torí ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Mo ti ń gbọ́ bàtà yẹn nínú omi níta. Ó ń rọra rìn bọ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò tíì wọlé.