Ìkẹ́dùn lórí Dúró-ná, Ẹni Tó Fi Òkúta Dá Odò Lẹ́kun

Sí Màmá àti gbogbo ọmọ,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó mú gbogbo ara wa kú ni àwa òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́ Àbójútó Odò fi ń bá yín kẹ́dùn ìpapòdà ọkọ yín, ọ̀gá wa. A kò tíì lè sunkún dáadáa. Bàtà òjò rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. À ń gbálẹ̀ yí i ká ni.

Ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀gá ti ń to òkúta ńláńlá sínú odò, kí omi má baà jẹ etí rẹ̀ wọ ilé onílé. Ìdí òkúta ló máa ń kọ́kọ́ wò. Bí apá tó wọlẹ̀ kò bá ju apá tó yọ síta lọ, á ní kí awakọ̀ katakata tún un gbé. A máa ń kùn. Bí a bá sì parí, tí a fẹ́ ya fọ́tò, á ní, “Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí odò sọ tẹnu rẹ̀.” Àfi kí ìkún omi mẹ́ta kọjá lórí òkúta kó tó gbà pé iṣẹ́ parí. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Dúró-ná. Ó mọ̀, ó sì máa ń dáhùn.

Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni ti ìsàlẹ̀ afárá, lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí. Ìkún omi méjì ti kọjá níbẹ̀. Ẹ̀kẹta dé lọ́jọ́ tí a sìnkú rẹ̀. Nígbà tí a wá kí yín, Màmá, ohun kan ṣoṣo lẹ béèrè: ṣé àwọn òkúta náà ṣì wà níbẹ̀? Omi ti bo gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè parọ́ òkúta fún ìyàwó Dúró-ná.

A kò ní fi yín sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn yín tó ń kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀, àyè rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ wa nígbàkígbà tó bá ṣetán.

Lánàá, omi fà. A lọ, a fi ọ̀pá irin tẹ ìdí òkúta kọ̀ọ̀kan wò bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀kan yẹ̀ díẹ̀. Omi kò jẹ etí odò rárá. Màmá, wọ́n wà níbẹ̀. A wá ya fọ́tò. Òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Àyè tí ẹ rí láàárín wa, tirẹ̀ ni.

Kí Ọlọ́run tù yín nínú, kí ọjọ́ jìnnà síra. Kó fi ìdí ilé yín múlẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí ojú ò tó, bí ọkọ yín ṣe máa ń fi ìdí òkúta múlẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́ Àbójútó Odò