Ẹnjiníà Mongi Ferchichi (1957–2023), Ẹni Tí Kò Fẹ́ Kí Ọ̀nà Méjì Pàdé Nínú Yàrà Kan

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, wọ́n tẹ́ páìpù méjì sínú yàrà kan ṣoṣo lẹ́yìn ìlú Le Kef, wọ́n sì da erùpẹ̀ bò wọ́n. Ẹnjiníà Mongi Ferchichi, tí a ń ṣe ìrántí ogójì ọjọ́ rẹ̀ lónìí, kò sí níbẹ̀, kò sì mọ̀ sí i. Síbẹ̀ òun ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹbí fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn mọ èyí kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn nípa rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1957 ni a bí olóògbé ní Jérissa, sínú ilé Amor Ferchichi àti Mbarka ìyàwó rẹ̀. Amor ń wa irin nínú ihò kùsà. Brahim, baba Amor, sì ni ó da àgùntàn lórí àwọn òkè náà kí kùsà tó dé. Mongi ni àkọ́bí, Tijani ni ó tẹ̀lé e. Nígbà tí eruku kùsà ba ẹ̀dọ̀fóró baba wọn jẹ́, agbára ilé kò ká ju ọmọ ilé-ìwé kan lọ mọ́. Tijani kúrò ní kíláàsì kẹrin, ó gbé ṣọ́bìrì. Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Olóògbé ka ìwé girama ní Le Kef, ó gba oyè ẹnjiníà ní Tunis, olú-ìlú wa, ní ọdún 1981, ó sì lo ọdún méjì ní Toulouse. Ní ọdún 1985 ó fẹ́ Saloua, olùkọ́ ìṣirò. Ọdún kejì ni ó wọ iṣẹ́ ní ibùdó tí ó ń so kọ̀ǹpútà àwọn yunifásítì pọ̀. Wáyà tẹlifóònù ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, ìwé kan ṣoṣo sì lè fi odidi òwúrọ̀ rìn dé Sfax. Òun ni ó ní kí wọ́n sin okùn onígíláàsì nínú páìpù, okùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀, kí ó yí agbègbè wa ká bí òrùka: kí ọ̀nà kan gba Béja dé Le Kef, kí èkejì gba Siliana padà sí Tunis. Bí katapílà bá já ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ á yí padà gba èkejì kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ́jú.

Òfin kan ni ó ní: ọ̀nà méjì kò gbọdọ̀ pàdé nínú yàrà kan. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń rin gbogbo ọ̀nà kí ó tó fọwọ́ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹnjiníà, ṣé ewúrẹ́ yín ló tún sọnù ni?" Òun náà á ní, "Ibi tí ẹ ti fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni mò ń wá."

Lamine Zouari ni alábòójútó yàrà gbígbẹ́. Ọ̀rẹ́ olóògbé ni, ó sì jẹ oúnjẹ kuskus tí Saloua sè ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998 náà, nígbà tí ó ku kìlómítà mẹ́rin, wọ́n kan àpáta ní ọ̀nà Siliana, ọjọ́ tí mínísítà máa wá ṣí i sì ti sún mọ́. Mongi wà ní ìpàdé ní Róòmù. Tijani, tí òun náà ń bá wọn gbẹ́ yàrà, wà nínú yàrà ọ̀nà Béja, páìpù wà lọ́wọ́ rẹ̀, Lamine sì dúró lé e lórí.

"Tẹ́ méjèèjì síbẹ̀, Tijani. Bò ó kíá."

"Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ní wọn ò gbọdọ̀ pàdé o."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti mọ̀ sí i. Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ ẹnjiníà níṣẹ́?"

Tijani bò ó. Kò sì bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ó dé, nítorí ó gbà pé ó mọ̀. Lamine fún Mongi ní ìwé tí ó fọwọ́ sí, pé òun ti rin ọ̀nà Siliana dé òpin. Ọ̀nà yẹn nìkan ni Mongi kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ní òun ti rìn ín.

Ní oṣù kẹta ọdún 2001, katapílà tí ń gbẹ́ ojú ọ̀nà omi já páìpù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni àwọn yunifásítì agbègbè náà fi wà láìgbọ́ láìsọ. Àwọn olùwádìí àlìkámà tí wọ́n ń bá àwọn ará Ítálì ṣiṣẹ́ pọ̀ pàdánù àyè wọn nínú iṣẹ́ náà. Níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, Lamine mú àwòrán iṣẹ́ kan jáde. Yàrà kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, orúkọ Mongi sì wà nísàlẹ̀; wọ́n gba àwòrán náà gbọ́ ju ìwé tí Lamine fọwọ́ sí lọ. Tijani dìde, ó sọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ nínú yàrà, pé Lamine ni ó pàṣẹ kí òun tẹ́ méjèèjì pọ̀.

Lamine rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í ní kíláàsì tó ti kúrò nílé-ìwé. Ṣọ́bìrì ló fi ń kàwé."

Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mongi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi àbúrò rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí o ò bi mí?" Mongi kò tún bi í mọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n gbé olóògbé lọ sí Tataouine, ní etí aṣálẹ̀, kí ó máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rù àwọn ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó lò níbẹ̀. Kò káwọ́ gbera: ó so kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà mọ́ ti ilé ìwòsàn, ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì pa ìrun jẹ rí. Ní ọdún 2009, nígbà tí wọ́n sọ òrùka náà di oníyára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà mẹ́wàá, àwọn ọ̀nà tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ni wọ́n lò. Orúkọ Lamine ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta ẹnu ọ̀nà ibùdó náà. Olóògbé fẹ̀yìn tì ní ọdún 2017, ó padà sí Jérissa. Lẹ́tà mọ́kànlá ni ó kọ sí ibùdó náà pé kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ òun wò. Wọn kò fèsì ẹyọ kan.

Ó dágbére fáyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2023. Ó fi Saloua aya rẹ̀ sílẹ̀, àti àwọn ọmọ: Olfa, Wajdi àti Rim; ọmọ-ọmọ márùn-ún; àti Tijani àbúrò rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, kí a tó kírun sí i lára, Tijani dìde gẹ́gẹ́ bí àgbà tí ó kù nínú ilé, ó sì bèèrè ohun tí a máa ń bèèrè lórí òkú: "Ẹnikẹ́ni tí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣẹ̀, kó sọ ọ́ báyìí, tàbí kó dárí jì í."

Lamine fi ọ̀pá dìde nínú ìlà kẹta. "Kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

"Sọ ọ́ sókè, Lamine," ni Tijani wí. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Mongi ò mọ̀! Mi ò pè é lórí fóònù kankan. Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ́ páìpù méjèèjì pọ̀. Èmi ni mo ya àwòrán kejì, tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Òótọ́ ni Tijani sọ lọ́jọ́ náà."

Ẹ̀gbọ́n wa, ọ̀rọ̀ tí ẹ dúró dè fún ọdún méjìlélógún ti jáde lẹ́nu ẹni tí ó ni ín, ẹ kò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ sinmi, Mongi ọmọ Amor.